Páànù Rájí Tó Kọjú sí Ògiri

Rájí Àkànní, ọmọ Oníkòyí, ẹ̀ṣọ́ tí kì í fẹ̀yìn gba ọfà. Àkànní ọmọ Àṣàkẹ́, ọkọ Ràlíátù, baba Múlíkà. Dúdú tí eyín rẹ̀ funfun bí inú àgbọn. Awakọ̀ tó ń rọra gun gegele nítorí aláboyún tó jókòó sórí ẹrù. Àkànní tó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè, tó ń dárúkọ ẹni tó ń wà á bọ̀, tí kì í sì í ṣì í. Orúkọ rẹ ni mo fi ṣáájú, ọ̀rẹ́ mi, kí n tó dárúkọ ara mi.

Èmi ni Làmídì Àrẹ̀mú, ará Erunmu. Mo wa ọkọ̀ akẹ́rù títí irùngbọ̀n mi fi funfun, mi ò sì ṣe iṣẹ́ mìíràn rí. Ìwé mẹ́ta ni mo kà kí bàbá mi tó mú mi kúrò nílé ẹ̀kọ́, nítorí náà bí ohun tí mo kọ bá wọ́ níbì kan, kí ẹ bá mi tọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ lẹ ní kí n kọ ọ́. Ẹ máa ń dúró ní ìloro mi, ẹ ó ní, "Bàbá, ẹgbẹ́ awakọ̀ yìí, ṣé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni lóṣooṣù ò ju ohun tí èèyàn ń rí níbẹ̀ lọ? Ṣé ká wọ̀ ọ́ ni, àbí ká máa wo ọ̀nà tiwa lọ?" Ìbéèrè gidi ni. Èmi náà bi Rájí ní irú ẹ̀ nígbà kan. Ìdáhùn mi ò ṣeé sọ lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kò gùn. Bàbá mi mú mi lọ́wọ́ lọ sí ilé Bàbá Bùsàrí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, bàbá mi pa dà sóko, èmi kù síbẹ̀. Iye tí mo wá ń rí nídìí iṣẹ́ náà nígbà tí mo dàgbà, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ó tó jẹun, kò tó yangàn.

Rájí ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ó fi oṣù méjì jù mí lọ nídìí iṣẹ́, kò sì gbàgbé oṣù méjèèjì títí ó fi kú. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí nínú epo," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Bàbá Bùsàrí le. Ọkùnrin kúkúrú ni wọ́n, wọ́n máa ń fi tìmùtìmù méjì sí abẹ́ ìdí kí wọ́n tó lè rí iwájú ọkọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ rẹ́rìn-ín. Lọ́rì wọn, irin gígùn kan ni a fi ń yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti iwájú kó tó jí. Bí o bá di irin yẹn mú bí kò ṣe yẹ, ó lè ta pa dà kó ṣẹ́ ọ lápá. Ó ṣẹ́ èmi lápá. Ọjọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ oníṣègùn eegun dé, Bàbá Bùsàrí na irin náà sí mi. Wọ́n ní, "Ọwọ́ òsì ńkọ́? Ṣé òun náà ti ṣẹ́ ni?"

Ọdún mẹ́rin gbáko, wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kan sítíárì. Iṣẹ́ wa ni ká wẹ ọkọ̀, ká há igi sí abẹ́ táyà nígbà tó bá dúró lórí òkè, ká sì máa rìn níwájú ọkọ̀ nígbà òjò. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ jù lọ nìyí. Gbogbo ọ̀nà oko nígbà náà, láti Erunmu lọ sí apá Lágelú àti Ọ̀nà-Ara, afárá onípákó ló wà lórí àwọn odò kéékèèké. Bí a bá ti dé afárá, Bàbá Bùsàrí á tẹ bíréèkì. Èmi àti Rájí á bọ́ sílẹ̀, a ó máa tẹ pákó lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó máa fò lórí rẹ̀, a ó sì máa ké pe wọn: "Èyí dára. Èyí dára. Èyí ń mì." Wọn kì í wa ọkọ̀ kọjá bí a ò bá tẹ̀ ẹ́ tán, ìbáà jẹ́ pé àná la gbabẹ̀.

Ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú, mo fo pákó méjì láìtẹ̀ ẹ́. Mo rò pé wọn ò rí mi. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bi mí léèrè pé, "Làmídì, mélòó lo tẹ̀?"

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n wo Rájí. Rájí wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Gbé ẹrù inú ọkọ̀ yìí kọjá sí òdìkejì odò. Ọkọ̀ ò ní gba ibi tí ẹnì kan ti purọ́ pé òun wò ó."

Àpò kòkó ni ẹrù náà. Mo ń gbé e, mo ń sunkún. Nígbà tí mo gbé ẹ̀kẹta, mo rí i pé Rájí ti gbé ọ̀kan sẹ́yìn mi. Bàbá Bùsàrí ò sọ nǹkan kan sí i. A gbé e tán lọ́jọ́ yẹn, a ò sì sọ ọ́ mọ́.

Ẹ rí i, láti ọmọdé ni wọ́n ti kọ́ mi pé kí n má sọ pé mo wo ohun tí n kò wò.

A ṣe fúrídọ́ọ̀mù lọ́dún kan náà. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni a kọ́kọ́ ń wà, lẹ́yìn náà a ra tiwa, àlòkù. Kòkó ni a ń kó, ọsàn, gbágùúdá, ẹ̀kùrọ́, igi gẹdú nígbà mìíràn. Irin tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì kúrò níwájú ọkọ̀, ó di kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọkọ̀ ará Japáànù dé, wọ́n fẹ́lẹ́, wọ́n yára, lọ́rì onípákó wa wá dà bí àgbàlagbà láàárín wọn. Nígbà tó di pé epo ń wọ́n, a máa ń tò sílé epo láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Rájí á máa dá wa lẹ́rìn-ín. Ó máa ń dijú, kó máa dárúkọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn: "Bẹ́lò nìyẹn, ẹ gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́. Sàká nìyẹn, kò tíì tún gíà ṣe."

Rájí náà ló mú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wá. Ọkọ̀ rẹ̀ bà jẹ́ lójú ọ̀nà oko kan, ó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí àgbẹ̀ kan tó gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí tẹlifóònù lóko, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó lọ. Nígbà tó pa dà dé, ó ké sí gbogbo àwa awakọ̀ akẹ́rù tó ń gbé Erunmu àti agbègbè rẹ̀, ó ní kí olúkúlùkù máa dá owó lóṣooṣù. Wọ́n fi kọ́ búkà kan sí ẹ̀gbẹ́ ojú títì. Wọ́n gé páànù òrùlé wẹ́wẹ́, wọ́n kọ orúkọ awakọ̀ kọ̀ọ̀kan sí i pẹ̀lú ọ̀dà funfun, wọ́n fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri búkà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí o bá ń lọ sóko, o ó sọ ibi tí o ń lọ fún Jìnádù tó ń ṣọ́ búkà, o ó sì yí páànù rẹ kọjú sí ògiri. Bí o bá dé, o ó yí i pa dà kí orúkọ rẹ hàn. Páànù tó bá ṣì kọjú sí ògiri títí di ìrun Àìlà ọjọ́ kejì, ọkọ̀ méjì á gbéra lójú ẹsẹ̀ láti lọ wá ẹni náà, owó ẹgbẹ́ ni wọn ó fi ra epo. Ẹni tó bá dé láyọ̀ tó gbàgbé láti yí páànù rẹ̀, á san owó ìtanràn, nítorí pé ó mú kí wọ́n fẹ́ da epo nù lásán.

Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Rájí, ṣé kí n máa sanwó nítorí páànù? Ìyàwó mi mọ̀ bí mo bá pẹ́."

Ó ní, "Ìyàwó rẹ mọ̀ pé o pẹ́. Ṣé ó mọ ibi tó o wà?"

"Kò yẹ kó mọ gbogbo ibi tí mo wà."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ó dáa, ìwọ náà á wá."

Ọdún méjì ni mi ò wọ̀ ọ́. Ẹnu mi ni mo fi ń ba ẹgbẹ́ náà jẹ́ káàkiri gáréèjì. Lẹ́yìn náà ibà kọ lù mí lójú ọ̀nà oko, mo wà nínú ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì, mi ò lè dìde. Kò sí páànù mi lára ògiri, ẹgbẹ́ ò wá mi. Rájí ló wá. Ó ti lọ bi ìyàwó mi, ó ti bi àwọn agbẹ́rù, ó ń tọ oko sí oko lórí epo ara rẹ̀. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí, ó ní, "Àbúrò, ṣé o ti ṣetán láti ra páànù báyìí?"

Mo wọ ẹgbẹ́. Mo sanwó, inú mi sì dùn sí gbogbo rẹ̀ àfi owó ìtanràn yẹn. Ó máa ń bí mi nínú. Ẹni tó ti rẹ̀, tó dé láyọ̀, tó sáré lọ jẹun, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò fọwọ́ kan páànù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn yí tiwọn. Bí mo bá mọ̀ pé Bẹ́lò ti dé, mo ti rí i nílé, màá bá a yí i kí Jìnádù tó rí i. Wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo kà á sí oore.

Rájí rí mi lọ́jọ́ kan tí mo ń ṣe é. Kò pariwo. Ó ní, "Làmídì, má bá èèyàn yí páànù. Ọwọ́ ẹni tó wa ọkọ̀ ni kó yí i."

Mo ní, "Mo rí Bẹ́lò nílé, ó ń jẹ ẹ̀bà."

"Mo gbọ́. Kó jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán, kó wá yí páànù rẹ̀."

Mo ní ó ti ń dà bí Bàbá Bùsàrí. Ó ní, "Kó rí bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Àtàlátà kan ni, nígbà ọyẹ́. Èmi àti Rájí pàdé ní búkà láàárọ̀. Ó ń lọ kó ẹ̀kùrọ́ ní abúlé kan lápá Ọ̀nà-Ara, ó sọ fún Jìnádù, ó yí páànù rẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń bá a lọ.

Ó ní, "Èmi àti Ọlọ́run ni. Àwọn tí ì bá máa bá mi lọ ti lọ gun ọ̀kadà ní Ajíbọ́dé, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń gbé. Ta ló fẹ́ há igi sí táyà mọ́?"

"Ta ni yóò wá tẹ pákó fún ọ?"

"Màá sọ̀ kalẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́ fúnra mi."

"Pẹ̀lú orúnkún yẹn?"

"Orúnkún yìí ló máa ń mọ èyí tó ń mì jù." Ó gun ọkọ̀ rẹ̀, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àlárùba, èmi ń bọ̀ láti Olódò láàárọ̀. Ọyẹ́ bo gbogbo ọ̀nà, ó funfun bí èéfín. Lọ́rì onípákó kan yọ níwájú mi, orí rẹ̀ pupa, tapólì aláwọ̀ ewé ló bo ẹrù rẹ̀. Awakọ̀ náà na ọwọ́ jáde, ó jù ú sí mi. Èmi náà jùwọ́ sí i. Mo ní nínú ara mi pé Rájí ti ń kó ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ wọ Ìbàdàn. Mi ò rí ojú rẹ̀. Lọ́rì bíi tirẹ̀ ni mo rí, àti ọwọ́.

Nígbà tí mo dé búkà, páànù Rájí ṣì kọjú sí ògiri. Jìnádù jókòó tì í. Awakọ̀ ni Jìnádù tẹ́lẹ̀, a jọ ń ná ọ̀nà kan náà ni, kí ojú rẹ̀ kan tó fọ́. Mo na ọwọ́ sí páànù náà.

Jìnádù ní, "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Rájí ti dé. Mo rí i ní Olódò."

"Ṣé o rí i dáadáa?"

"Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Ìwọ tó ní ẹyọ kan ló ń bi mí?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó ní, "Fi í sílẹ̀, Làmídì. Bó bá dé kó yí i. Àìlà ò ní pẹ́."

Mo ní, "Owó ìtanràn lẹ ń wá, ẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀." Mo yí páànù náà. Orúkọ Rájí hàn. Mo lọ sílé lọ sùn.

Lásìkò Àìlà, Jìnádù wo ògiri, gbogbo orúkọ ló hàn. Kò sí ọkọ̀ tó gbéra.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ràlíátù rí i pé ọkọ òun ò tíì wálé, ó rán Múlíkà sí búkà pé kó lọ wo páànù bàbá rẹ̀. Ọmọ náà pa dà, ó ní orúkọ bàbá òun hàn. Ràlíátù bá bo oúnjẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rò pé ó sùn sí Ìbàdàn nítorí epo. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Èmi ni mo fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ọjọ́ Àlàmísì, ó kan ìlẹ̀kùn mi. Ó ní, "Bàbá Sàídì, ọ̀rẹ́ yín ò tíì dé o."

Mo ní, "Mo rí i lánàá ní Olódò."

"Ẹ rí i? Ẹ bá a sọ̀rọ̀?"

Mo lọ jí Jìnádù, a wa ọkọ̀ mi tọ ọ̀nà tí Rájí dárúkọ.

Ó wà lábẹ́ afárá kejì sí abúlé náà. A rí ipa bàtà rẹ̀ nínú eruku lórí pákó, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti àlọ àti àbọ̀. Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti tẹ gbogbo rẹ̀. Igi abẹ́ ló ti jẹrà, ẹsẹ̀ èèyàn ò lè mọ ìyẹn. Ọkọ̀ náà fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú odò tó ti gbẹ, ó sì há a mọ́ àyè rẹ̀ láti itan sísàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ibi tí a ń tẹ̀ kí fèrè tó dún.

Àwọn àgbẹ̀ kan bá wa gbé e. Bàbá kan nínú wọn, tí oko rẹ̀ wà lókè odò, ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń gbé e. Ó ní, "A gbọ́ fèrè o. Láti ìrọ̀lẹ́ Àtàlátà la ti ń gbọ́ ọ, ó dún ní gbogbo ọjọ́ Àlárùba. A rò pé awakọ̀ ń pe àwọn agbẹ́rù rẹ̀ ni. Nígbà tó di bí Àsárì, ó ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀. A ní agbẹ́rù ti dé."

Àsárì. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Àìlà ì bá ti dé ibẹ̀ kó tó di Àsárì. Mo ka ọ̀nà náà lórí, mo tún un kà. Mo ń kà á dòní.

A já ewé tútù sí iwájú ọkọ̀ mi, bí a ti ń ṣe kí àwọn awakọ̀ mìíràn lè mọ̀ pé òkú ni a gbé. Gbogbo ọkọ̀ tí a pàdé ló yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wa.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ sàréè, àwọn awakọ̀ pé síwájú ilé. Tìjání, ọ̀dọ́ tó ń wa ọkọ̀ ará Japáànù, dìde. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin bàbá. Owó wo la ń dá? Ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kú sínú odò gbígbẹ, ẹnikẹ́ni ò wá a. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pín ohun tó kù nínú àpótí, kí olúkúlùkù máa lọ." Àwọn kan ní òótọ́ ló sọ. Ó kọjú sí Jìnádù, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ ògiri. Kí lẹ ń wò?"

Jìnádù tẹrí ba. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, kò ní sọ ọ́ láéláé. Ẹ̀bi á wà lọ́rùn rẹ̀, ẹgbẹ́ á sì túká kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun kan ṣoṣo tí Rájí fi sílẹ̀ fún wa yàtọ̀ sí ọmọ.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹgbẹ́ ò ṣe nǹkan kan. Jìnádù náà ò ṣe nǹkan kan, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Èmi ni mo yí páànù Rájí. Mo ní mo rí i, n kò rí i."

Ràlíátù wà ní ẹnu ọ̀nà láàárín àwọn obìnrin, ó ti gbọ́. Ó wá síwájú díẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò ga.

"Bàbá Sàídì, kí ló dé tí ẹ yí i?"

"Kó má baà san ìtanràn."

"Èló ni ìtanràn náà?"

Mo sọ iye rẹ̀ fún un. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́kún. Òun ò sunkún. Ó wò mí pẹ́, ó sì pa dà sáàárín àwọn obìnrin. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Tìjání jókòó. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ àpótí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti bi mí, mo ti dáhùn. Ẹ wọ̀ ọ́. Owó rẹ̀ ò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè fi páànù ẹlòmíràn sílẹ̀ bó ṣe wà, kó má wọ̀ ọ́.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé búkà. Mo yí páànù Rájí kọjú sí ògiri, mo gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi lé Jìnádù lọ́wọ́ pé mi ò wa ọkọ̀ mọ́, mo sì pa dà lọ bá wọn tò sójú ìrun.

Ọjọ́ Àlàmísì ni, lẹ́yìn ìrun Àsárì. A sin Rájí Àkànní sí ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Erunmu.